Páálí Tó Ya

Ní Stromness, nínú oṣù Keje, oòrùn kì í tètè lọ sùn.
Aago mọ́kànlá alẹ́ lù,
ojú sánmà ṣì ń dán bí ìpẹ́ ẹja.
Inú àwọn ọmọ ò dùn sí ìmọ́lẹ̀ yẹn:
bí ilẹ̀ ò bá ṣú, ta ni yóò gbà pé òru ti tó?
Òru gan-an sì ni ìwé keje máa jáde.

Wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Thora Isbister
títí dé ibi tí à ń so ọkọ̀ ìpẹja mọ́.
Aṣọ ojú fèrèsé ìyá wọn wà lọ́rùn wọn,
ó ń wọ́ lórí òkúta tútù.
Erlend Linklater fi ẹsẹ̀ àga ṣe ọ̀pá idán;
baba rẹ̀ wà nílé, ó ń wádìí ohun tó gbé e ṣubú.
Àwọn tí wọn ò ní eyín iwájú nígbà ìwé kìíní
ti ń fá irùngbọ̀n.
Merran Clouston, ẹni ọgọ́rin ọdún, náà tò:
ó ní ọmọ-ọmọ òun lòun fẹ́ rà á fún.
Merran ò bímọ rí.

Èmi? Alábàárù èbúté ni mí.
Èsì bọ́ọ̀lù ni mo ń kà, àti ìwọ̀n ẹrù.
Ọjọ́ méjì ṣáájú ni ọkọ̀ gbé páálí mẹ́rin dé láti Scrabster.
Kùrukùru ti dá a dúró lójú omi,
ìdí páálí kan ti rin.
Mo gbé e, ó ya.
Ìwé kan jábọ́ sẹ́sẹ̀ mi, ó sì ṣí sílẹ̀,
kì í ṣe iwájú, kì í ṣe àárín.
Ẹ̀yìn pátápátá.
Ìlà mẹ́ta péré ni mo kà.
Mo sì mọ ẹni tó kú.

Èmi tí ẹnu mi ń jò ju agbọ̀n lọ!
Èmi tí mo ròyìn fún gbogbo èbúté
pé Jock Rendall ń kun irun!

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Inga ọmọ mi ń wò mí lórí oúnjẹ.
"Bàbá, ẹ gbé e. Ṣé ó wúwo?"
Mo ní ó wúwo.
"Ṣé ó wúwo gan-an?"
Mo fi ọ̀dùnkún dí ẹnu.
Ó wá ń sọ̀rọ̀ Akólòlò, oṣó kékeré
tí ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀,
tí gbogbo idán rẹ̀ ń jáde lẹ́ẹ̀mejì.
"Bí wọ́n bá pa á, mi ò ní kàwé mọ́ láyé mi."
Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.
Àgbà ní ẹyin lohùn.
Mo sàba lé e lóru méjì, mi ò jẹ́ kó pa.

Thora lu agogo. Ariwo sọ,
gbogbo ẹyẹ òkun fò sókè.
Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.
Wọ́n jókòó lórí ògiri èbúté, orí tẹ̀ ba,
ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ti bú tẹ́lẹ̀ di fìtílà ọ̀fẹ́.
Etí mi ń gbọ́ bí ojú ìwé ṣe ń ṣí,
bí ìgbà tí omi ń lá ìdí ọkọ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ẹkún lára ògiri.
Mo gbé tíì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Inga wò mí títí.
"Ẹ ti mọ̀."
"Mo mọ̀."
"Látìgbà wo?"
"Láti èbúté."
Ó fi ìrọ̀rí lù mí, ó tún lù mí,
ó wá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn,
ó ju ìwé kìíní lé mi lẹ́sẹ̀.
"Ẹ gba iwájú wọlé lọ́tẹ̀ yìí."

Ìwé kẹta ni mo wà báyìí.
Akólòlò pe ewúrẹ́ kan, méjì ló yọ,
wọ́n ti jẹ fìlà olùkọ́ tán.
Mo mọ ibi tó ń lọ.
Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kà á,
kó má baà tètè débẹ̀.