Ìka Tí Ẹ̀rọ Ò Mọ̀

Lẹ́ẹ̀kẹta lóṣù yìí, Maleka Bewa,
lẹ tún fi àtàǹpàkò lé gíláàsì ẹ̀rọ mi.
Ó tan pupa.
Mo ní kẹ́ ẹ nù ún. Ẹ fi ìṣẹ́tí sárì funfun nù ún.
Ó tan pupa.
Mo bu ọṣẹ fún yín, mo wá ìpara,
mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á bí ẹni ń ra ẹja lára.
Ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ yín rí.

Èmi mọ̀ yín.
Ìta ilé yín ni mo ti kọ́ ìrìn, ní Dhulian,
létí odò tó ń gé ilẹ̀ wa bí ẹni ń gé iṣu.
Ẹ̀yin lẹ gbé mi pọ̀n lọ́jọ́ ibà.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò gba ẹlẹ́rìí.

Ọdún mẹ́tàdínlógójì lẹ ti ń wé bídì,
atẹ lórí itan, ewé tí ẹ rẹ sómi mọ́jú,
ẹ ó gé e, ẹ ó wọ́n tábà sí i bí ẹni ń wọ́n iyọ̀,
ẹ ó yí i, ẹ ó fi òwú pupa so ó nídìí,
ẹ ó fi àtàǹpàkò ki ẹnu rẹ̀ wọlé.
Ẹgbẹ̀rún kan lóòjọ́.
Múńṣì Ekramul á kà á, á mú àádọ́ta kúrò:
“Èyí tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí wọ́.”
Àádọ́ta ọ̀hún kì í dé ààtàn láéláé,
inú àpò rẹ̀ ló ń sùn.
Ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín náà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀,
lórúkọ ìyàwó àbúrò rẹ̀
tí kò wé ẹyọ kan rí.

Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba.
Wọn ò sọ fún wa pé ìka lè parẹ́,
pé iṣẹ́ lè jẹ ìlà ọwọ́ bí ikán ti ń jẹ ìwé,
kí iṣẹ́ lọ,
kí ìṣẹ́ dúró.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.
Èmi náà ò gba owó oṣù.
Rúpì méjì lórí ìka kọ̀ọ̀kan tó bá tan bí ewé;
pupa ò lówó lórí.
Lọ́jọ́ tí òjò bá gbé nẹ́tíwọ̀kì lọ,
ẹ̀fọ́ àná ni mo ń jẹ.

Mo gbé ìwé àtijọ́ sílẹ̀, mo ṣí tàdáwà.
Ẹ tẹ̀ ẹ́.
Ohun tó jáde ni òkùnkùn róbótó kan
tí kò sí ojú ọ̀nà nínú rẹ̀.

Ìgbà yẹn lẹ bú sẹ́rìn-ín,
mi ò mọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín,
ẹ tú kókó ìdí sárì, ẹ yọ bídì kan,
ẹ gbé e sórí gíláàsì.
“Bi èyí léèrè ẹni tí mo jẹ́.
Wo ẹnu rẹ̀, níbi tí mo ti kì í wọlé.
Ibẹ̀ ni ìlà mi wà.
Ó wà ní Patna, ó wà ní Delhi,
létè awakọ̀ tírélà, létè aláàárù.
Wọ́n ti fà á tán, wọ́n ti gbọn eérú rẹ̀ dànù.
Kí ìjọba lọ ṣà mí jọ.”

Ẹ̀rọ tan pupa.
Ẹ wo oòrùn. Ọ̀ọ́dúnrún bídì ti sọnù nínú ti òní.
“Ta ni yóò san ìyẹn?”
Mo ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́rú.
Mi ò mọ ohun tí Ọjọ́rú fẹ́ ṣe.

Lálẹ́, ìyá mi ń so òwú lọ́wọ́,
mo ní kí wọ́n yá mi ní àtàǹpàkò wọn.
“Kí lò ń wá níbẹ̀?”
Mo ní kò sí nǹkan.
Mo tan iná fóònù sí i, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì.
Mo ka ìlà mẹ́rin.
Ìkarùn-ún, kò dá mi lójú.