Mo Lóṣòó Sẹ́nu Ọ̀nà Rẹ

Ìbídàpọ̀, èmi nìyí.
Mi ò kan ilẹ̀kùn mọ́, ọwọ́ ti ń dùn mí.
Mo ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ
bí bàbá bàbá wa ti máa ń ṣe
nígbà tó bá di ẹrù aṣọ láti Iléṣà,
tó tà láwìn nílùú onílùú,
tó padà lọ́jọ́ àdéhùn,
tí onígbèsè ní kí wọ́n sọ pé òun ò sí nílé.
"Òṣó ni màá ló," ni Bàbá ń wí,
"títí n ó fi gba owó mi."
Òjò á pa á. Oòrùn á pa á. Kò ní í dìde.

Èmi náà wá gba gbèsè.
Kì í ṣe owó.
Ohùn rẹ ni o jẹ mí.

Ọjọ́ kẹtàlá rèé.
Iyán tí mo gbé síbí lánàá, èèrà ló jẹ ẹ́.
Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ń béèrè tíṣà ìṣirò wọn,
mo ní ibà ni.
Irọ́ ni mo pa.
Irọ́ ìdílé wa ni, ó ti pẹ́ tí a ti ń pa á.

Ṣé o rántí Àǹtí Mofoyèkẹ́?
Ìyá wa á da ìborùn bò ó lójú
kí wọ́n tó jọ gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù Wẹ́sílì:
"Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, ojú ló ń dùn ọ́."
Ọdún mẹ́rin la fi tọ́jú ojú tí kò ṣe nǹkan kan,
kí àwọn àna mi má baà wádìí ilé wa
kí wọ́n ní àrùn orí wà níbẹ̀.
Mo rí ọkọ fẹ́. Ọkọ náà ti lọ.
Àǹtí ò bá wa dé ibi ìgbéyàwó.
A sọ fún àlejò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Mo gbọ́ ọ lálẹ́ Jímọ̀,
tí ò ń bá ògiri sọ̀rọ̀:
ikú yá ju ẹ̀sín.
Àwọn àgbà ló wí i, mo mọ̀.
Àwọn náà ló ní bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ.
Kí ló dé tí o mú èyí tó korò, tí o fi èkejì sílẹ̀ nínú àwo?
Ẹ̀sín? Mo ti jẹ ẹ́.
Mo padà sílé bàbá mi
pẹ̀lú àpótí méjì àti fíríìjì tí kò ṣiṣẹ́,
gbogbo Ìjọ̀kà jáde wá wò mí.
Lọ́sẹ̀ kẹta, ewúrẹ́ Bàbá Ajíbóyè bí mẹ́ta,
wọ́n gbàgbé mi.

Mi ò ní kí o rẹ́rìn-ín.
Mi ò ní kí o ṣe ọkùnrin.
Wòlíì ti wá, ó ti gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó ti lọ.
Ohun tí n ó bi ọ́ le,
ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní kí n bi ọ́ gbangba, kí n má pòwe:
àbúrò mi, ṣé ò ń rò ó láti pa ara rẹ?

Mo gbọ́ bí o ṣe mí kanlẹ̀.

Ó dáa. O ti san díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ Ìpetu, ohùn rẹ̀ ò ga.
Ó ní àìsàn ni, bí ibà tí mo fi purọ́.
Ó ní oògùn ń bẹ, ẹni tí yóò gbọ́ ọ ń bẹ,
ó ní kí á má dúró de ilẹ̀ mọ́.
A ò ní gba ẹ̀yìnkùlé.
Ojú ọjà Àtàkúnmọ́sà la ó gbà.
Mi ò mú ìborùn dání.

Òkùnkùn ti bo Òkè Imọ̀.
Ẹ̀fọn ń jẹ mí. Mi ò ní í dìde.

"Orúnkún ò dùn ọ́ ni?"

Ó ń dùn mí, Ìbídàpọ̀.
Ó ń dùn mí gan-an.
Ṣílẹ̀kùn.