Ìwé Tó Sùn Nínú Agolo Ìyẹ̀fun

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ìjọba fi dè é mọ́lẹ̀.
Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó yọ́ wọ Cwm Helyg,
inú agolo ìyẹ̀fun Ìyá Prydderch ló ń sùn,
ìyẹ̀fun lókè, ìyẹ̀fun nísàlẹ̀,
àgbèrè láàárín bí ẹran inú búrẹ́dì.
Títí dòní, bí o bá ṣí ojú ewé ọgọ́rin,
nǹkan funfun á ta sí ọ níka.

Wọ́n ti tú u sílẹ̀ báyìí. Ìwé ti di ọmọlúàbí.
Ó jókòó sórí pẹpẹ, láàárín ìwé orin ìsìn
àti ìwé ìtọ́jú àgùntàn,
èmi Nerys ni mo sì ń fi òǹtẹ̀ lu ọjọ́ tó ń jáde.

Ìtàn náà kò le: ìyàwó olóko òkúta,
ọkùnrin tó ń tún aago ṣe,
yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù,
aago mẹ́tàlá tí ohùn wọn kò ṣọ̀kan.
Òjò ń rọ̀. Òjò ń rọ̀ gan-an ni.

Alàgbà Ithel, tó fi ogójì ọdún la òkúta,
tí ìka rẹ̀ ku méje, dá a padà, ó ní:
"Torí ìbùsùn ni wọ́n ṣe fòfin dè é? Irọ́.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.
Àwọn olówó ti ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ sùn
kí wọ́n tó bí bàbá mi,
kò sí adájọ́ tó wúkọ́.
Lọ wo ibi tí obìnrin yẹn ti jẹ búrẹ́dì
nínú àwo ọkùnrin náà,
tó wá dìde, tó fọ àwo fúnra rẹ̀.
Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà wọ́n."

Ìyáàfin Tegwedd, opó àlùfáà, ní èéfín lásán ni, kò rí iná.
"Ojú ewé mọ́kàndínlógún lórí òjò!
Ẹni tó bá fẹ́ dẹ́ṣẹ̀, kó tètè dẹ́ṣẹ̀."
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Nígbà tó lọ tán, mo rí ìlà pẹ́ńsù kan,
tínínrín, lábẹ́ gbólóhùn kan
tó sọ nípa ọwọ́ tó tutù.

Idwal tó ń ṣe bàtà kò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.
"Bí ìfẹ́ bá bàjẹ́, obìnrin yẹn nílé tó máa padà sí.
Ọkùnrin ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù lọ, orúkọ lọ.
Ẹni tí ebi kò pa rí ló ń pè é ní eré ìfẹ́."
Ó wo bàtà mi, ó ní gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, ó jáde.
Mi ò bi í ohunkóhun. Ìlú wa kéré.

Lleucu ló kẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ṣì tutù.
"Ta ló fọ aṣọ ìbùsùn wọn?"
Mo ní kí ló sọ.
"Ìgbà mẹ́ta lọmọ ọ̀dọ̀ yọjú nínú ìwé yìí.
Ó gbé èédú wọlé, ó gbé tíì wọlé, ó jáde.
Ọkọ lórúkọ, àlè lórúkọ,
ajá lórúkọ, Mààmú.
Òun ò ní."

Ọdún mọ́kànlá ni ìyá mi fi sìn nílé ńlá orí òkè yẹn.
Ọjọ́ tí a tẹ́ ẹ sínú pósí,
òórùn ọṣẹ kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.
Kò ka ìwé yìí rí.
Àbí ó ti kà á kí wọ́n tó kọ ọ́,
lára aṣọ, láràárọ̀, nínú omi gbígbóná,
ó sì pa ẹnu mọ́ nítorí owó oṣù.

Òfin ilé ìkàwé yìí ni pé
ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sínú ìwé.
Èmi ni mo kọ òfin náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.
Lleucu mú pẹ́ńsù orí tábìlì mi.
Mo yíjú sí fèrèsé, mo ń ka àgùntàn lórí òkè,
mo kà á lẹ́ẹ̀mejì,
títí mo fi gbọ́ tó pa ìwé dé.