Ẹran fún Ẹnu Tí Kò Léyín

Ní Gunsan, lórí àjà keje ilé gogoro kan,
èéfín ti di ọ̀ràn.
Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ẹ̀rọ agbéniròkè:
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná èédú lójú fèrèsé.
Gwangseop dán an wò lọ́dún tó kọjá.
Aago iná ké. Obìnrin àjà kẹfà gòkè wá
tòun ti bàtà ilé lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ le koko.
Láti ọjọ́ náà, ìwé ìròyìn àtijọ́ ló ń sùn lórí ààrò irin.

Ẹran ìgbà ayé Bokrye, ẹran ẹ̀gbẹ́ màlúù ni.
Wọ́n á là á pẹlẹbẹ bí ewé,
wọ́n á rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹyin iná,
Bokrye á fi àlùmọ́gàjí gé e kéékèèké,
á fi ewé tútù wé e,
á kì í bọ ẹnu ọmọ kí ọmọ tó yanu tán.
Ìyẹn nígbà tí eyín rẹ̀ pé.
Mẹ́ta ló kù báyìí: méjì lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀,
wọn ò sì kọjú síra wọn.

Ọjọ́ kẹta rèé tí kò sọ̀rọ̀.
Ó ń gba ògì ìrẹsì lẹ́nu ṣíbí, ó ń gbé e mì,
ó ń wo òkun bí ẹni tí òkun jẹ lówó.

Ni Gwangseop bá sán aṣọ ìdáná mọ́dìí,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
tó fi ọgbọ̀n ọdún jó irin mọ́ irin níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi,
tí kò se ju núdù lọ rí.
Ó da ẹran lílọ̀ sínú abọ́.
Ó rin èso pía kan bí ẹni ń rin gbágùúdá,
omi rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá.
Atalẹ̀. Aáyù méjì. Àlùbọ́sà eléwé.
Òróró yànmọ̀tí, ó dà á, ó tún dà á.
Omi sóyà dúdú bí omi aró,
tó ń rùn bí irú, tó sì ń ta sánsán bí irú.
Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.
Bí o kò bá pò ó tó, á tú.
Bí o bá pò ó jù, á gan.
Irin kì í ṣe báyìí.
Ó ń ṣù ú: ọ̀kan tó ẹyin adìyẹ, ọ̀kan ò ju ẹkùrọ́ lọ.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.
Kò sí òkété ní Gunsan,
àmọ́ òwe náà mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Páànù gbóná. Ẹran ń dún ṣàà.
Ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ èéfín síta
bí olè tó ń pa ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́.
Ó ku ata pupa àti oyin tí yóò fi rá a lára.
Ata yẹn, Bokrye ló pò ó sínú ìkòkò amọ̀
nígbà tí apá rẹ̀ ṣì lè ro ó.
Gwangseop tẹ̀ ba, ó fi ṣíbí họ ìdí ìkòkò.
Ó gbọ́ tí ṣíbí kan amọ̀.

Ó gbé ẹyọ kan síwájú ìyá rẹ̀. Ó là á sí mẹ́rin.
Èrìgì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń bọ̀.
Ó pẹ́.
Ọbẹ̀ pupa kán sí i lágbọ̀n, kò jẹ́ kí ó nù ún.
"Gwangseop."
"Ìyá."
"Ta ló kọ́ ọ láhun? Aáyù dà?"

Ó kọ ẹ̀yìn sí i kíá, ó dojú kọ pákó ìgéfọ̀ọ́,
ó ń bó aáyù, ó ń bó o,
ó ti bó mẹ́jọ, ojú rẹ̀ ń ṣe omi,
ẹ jẹ́ ká fi sọ́rùn aáyù.

Ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn.
Bàtà ilé ń ta pàtì pàtì lẹ́yìn rẹ̀.
"Ẹ dúró ná," ni ó wí, ó mú ẹ̀kẹsàn-án.