Apẹ̀tù

Ní abà ẹ̀yìnkùlé Orest, lẹ́bàá Moose Jaw,
òtútù ti mú ilẹ̀kùn gan.
Ọkọ̀ akẹ́rù bàbá mi la ẹnu sílẹ̀;
a ti tú rédíétọ̀, a ti tú fáànù,
bẹ́líìtì rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí ìṣó bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀.

"Verna, wò ó dáadáa kí o tó fọwọ́ kàn án.
Irin méjì ni, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde,
rọ́bà tín-ín-rín ló wà láàrin wọn.
Nígbàkígbà tí iná bá bú nínú sìlíńdà,
ọ̀pá kiránkì á lọ́, á sì ta padà;
rọ́bà yẹn ló ń gba ìjà náà sára.
Mú un kúrò, kí o wá máa sáré:
ọ̀pá á ṣẹ́ lọ́jọ́ tí o kò retí,
tìwọ ti ẹrù àlìkámà, lójú títì."
Mo sọ ọ́ lórúkọ nínú ara mi: apẹ̀tù.

Mi ò ní purọ́, òòlù ni mo kọ́kọ́ mú.
Òòlù mọ ọ̀nà ọwọ́ ẹni tí inú ń bí.
Mẹ́fà ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi nínú ogún;
sùúrù ò sí nínú ẹrù náà.
Orest ò bá mi jà. Ó gbà á, ó gbé e sókè fèrèsé.

Ó ṣí àpótí. Afàyọ eléékánná mẹ́ta ló wà lókè, ó ń dán.
Mo nawọ́ sí i.
"Ìyẹn wà fún irin tó jẹ́ odindi.
Etí òde ló máa gbá mú níbí,
á fa ti òde kúrò lára ti inú,
rọ́bà á máa ya,
ìwọ á máa rò pé iṣẹ́ ń lọ."

Èyí tó wá mú jáde burẹ́wà:
àwo irin kan tó ti dípẹtà, ihò gbọọrọ mẹ́ta lára rẹ̀,
bóòtì jàǹtìrẹrẹ nínú agolo tábà.
"Fi ìka wé e wọlé ná, kí o tó wá sípánà.
Èyí tó bá kọ̀, má bá a ṣagídí; kì í ṣe tirẹ̀."
Ó fi idẹ kékeré dí ẹnu kiránkì
kí ọ̀pá afàyọ má baà jẹ eyín rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti ìgbà ìkórè èṣí ni.
Bóòtì kejì bọ́,
ó yí gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sínú yìnyín.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Lẹ́yìn náà ó ti agolo náà sí mi:
"Ìwọ jẹ́ ọwọ́. Èmi á jẹ́ ojú."

Ìdajì ìyípo, ìsinmi. Ìdajì ìyípo.
Ó ké kín-ín, ó wá bọ́ sí mi láyà, ó wúwo bí ọmọ tó sùn.
Rọ́bà ti sán. Àmì etí rẹ̀ ti sún tó ìwọ̀n ìka kan.
Ọdún méjì ni bàbá mi fi ṣépè fún ẹ́ńjìnnì yìí,
àmì ló ń parọ́ fún un.

Nígbà tí a fẹ́ fi tuntun sí i, mo ní
ṣé kí bóòtì kiránkì kúkú fà á wọlé?
"Eyín mélòó ló máa kọ́kọ́ dì í mú? Mẹ́ta?
A kì í fi eyín mẹ́ta jẹ egungun."
Ọ̀pá gígùn ló yàn, eléyín láti orí dé ẹsẹ̀,
ó wọ̀ ọ́ jinlẹ̀; bíríǹgì tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀tì tẹ̀ lé bíríǹgì,
òróró díẹ̀ létí ibi tó máa gbà wọlé.
Ó wọlé bí àlejò tó mọ ilé.

Ìrọ̀lẹ́ la tó ṣáná sí i.
Kọfí dúró jẹ́ẹ́ nínú ife lórí ìyẹ́ ọkọ̀.
Orest gbé ọwọ́ ọ̀tún lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ níbẹ̀.
Mi ò wo ọwọ́ náà.

Mo ṣì jẹ agolo tábà ní bóòtì kan.
Tí yìnyín bá yọ́, mo mọ ibi tí mo ti máa wá a.