Ìwé Ìpàdé Tí Epo Mu

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi báyìí, èmi akọ̀wé kẹsàn-án.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, òwú àwọ̀n ẹja la fi rán an.
Bí o bá gbé ewé kan sókè síhà ọ̀sà,
wàá rí ìpàdé ọdún kan àti ti ọdún tó tẹ̀lé e
tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà,
nítorí ibi tí epo bá kán sí lára tákàdá,
fèrèsé ló ń dà.
Ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ́ wa nìyẹn:
fi nǹkan náà pa tákàdá, sá a sóòrùn;
bó bá jẹ́ omi, á gbẹ, á lọ,
bó bá jẹ́ ọ̀rá, kò níbi í lọ.

“Ẹgbẹ́ Aṣàyẹ̀wò Epo àti Ọ̀rá, Àgbádárìgì.”
Akọ̀wé àkọ́kọ́ kọ ọ́ gàdàgbà, ó fa ìlà méjì sí i nídìí.
Ènìyàn mẹ́ta péré ló jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà
nínú kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ń jò:
Jìmọ́ Ayélérù, tó ti bá òyìnbó díwọ̀n àdín létí omi,
Mautin Agosu, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì,
àti ọkùnrin kan tí epo ti bo orúkọ rẹ̀.
Dúkìá: bùrẹ́ẹ̀tì kan, ìgò mẹ́tàdínlógún,
àga kan tí kò ní ẹ̀yìn.
Owó ẹgbẹ́: ṣílè méjì.
Agosu ṣì jẹ sísì.

Ọdún kẹta, ìjà.
Senami Hunpe, tó ń fún epo àgbọn létí òkun,
wọlé láìkanlẹ̀kùn, ó lóun fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́.
Wọ́n ní, “Ṣé o mọ̀wé?”
Ó ní, “Ṣé epo mọ̀wé?”
Wọ́n to ìgò mẹ́jọ kalẹ̀ fún un.
Kò tọ́ ọ wò. Ó ń da díẹ̀díẹ̀ sínú agbada gbígbóná, ó ń tẹ́tí.
“Èyí ṣì ń sọ̀rọ̀, omi wà nínú ẹ̀.
Èyí dákẹ́, ó ti jinná.
Èyí ń kùn. Ó ti pẹ́ nínú agolo, inú ń bí i.”
Lápá kejì, Jìmọ́ ń kán oògùn látinú bùrẹ́ẹ̀tì,
tó, tó, tó,
títí omi fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun.
Ìgò méje bára mu. Ìkẹjọ kọ̀.
Wọ́n fi ìyá náà rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ méjì,
kí Agosu tó rí i pé ìdérí oògùn ti sán,
afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ ti tán.

Ọmọ ẹgbẹ́ kẹrin kò lórúkọ nínú ìwé:
àtàǹpàkò tí wọ́n tì bọ epo ni.

Ọdún tí epo pupa gbówó lórí,
àgbá mẹ́fà dé, ó pọ́n ju ẹ̀jẹ̀ lọ.
Jìmọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí:
“Aró ni. Àbúrò mi ló ni ín.”
Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó pa á rẹ́.
Ó ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.
Ọmọ ìyá méjì ò kíra wọn mọ́ títí tí wọ́n fi kú.
Ìwé kò sọ ìyẹn o.
Opó Jìmọ́ ló sọ ọ́ fún mi, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

Báyìí, a ku márùn-ún.
Ilé ọṣẹ ọmọ-ọmọ Senami la ti ń ṣèpàdé,
ẹ̀rọ kékeré kan ń sọ èsì kí o tó mí lẹ́ẹ̀mejì,
síbẹ̀ ọmọ náà á kọ́kọ́ dà á sínú agbada.
Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a pe ìpàdé fún agogo méjì,
a bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́rin.
Mo ti jẹ dòdò kí n tó mú bírò;
ẹ máa rí ìka mi níbẹ̀.
Ọmọ Agosu wá láti Àjàrá,
ó na igba náírà sí wa, ó ní gbèsè bàbá òun rèé.
Akápò wo owó náà, ó wo ìwé,
ó lóun ò mọ iye tí sísì jẹ́ lóde òní.
A sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀.