Ohun Tí Ń Gba Inú Ògiri Kọjá

Ní ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀, kọ̀ǹpútà kan wà ní pálọ̀,
ó ti gbó, ó ń mí bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì gòkè.
Inú rẹ̀ ni Bàbá kó gbogbo fídíò rẹ̀ sí
kó tó di pé ojú rẹ̀ ṣú, kó tó di pé ó lọ.
Bàbá mi a máa ya fídíò bí ẹni ń ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò:
ńlá ni o, kékeré ni o, kì í fi ọ̀kan sílẹ̀.
Ó ya ọkọ̀ ojú irin tó ń wọ Òṣogbo láìkánjú,
ó ya odò Ọ̀ṣun lọ́jọ́ tó gun orí afárá,
ó ya ewúrẹ́ Màmá tó jẹ ìwé-ẹ̀rí mi,
ó ya ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún òkùnkùn biribiri
nígbà tó gbàgbé láti pa kámẹ́rà, tó fi í sápò.

Màmá wà ní yàrá ẹ̀yìn. Orúnkún rẹ̀ ti kọ̀ ọ́.
Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá péré ni láti ibùsùn rẹ̀ dé pálọ̀,
ó sì jìn ju Ìkìrun lọ.
Ó ní, "Ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè bu díẹ̀ wá fún mi ni?"
Àfi bí ẹni pé ọbẹ̀ ni.

Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.
Mo ṣí fódà, mo ní kó jẹ́ kí ará ilé wọlé.
Ó bi mí: àwọn wo?
Mo rò ó díẹ̀. Mo tẹ gbogbo ènìyàn,
nítorí ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀fọn sì ń jẹ mí lẹ́sẹ̀.

Mo wá orúkọ kọ̀ǹpútà nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré ti Màmá:
MÁFỌWỌ́KÀNMÍ.
Bàbá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ló ń bá wí.
Nǹkan kan ń yí po, ń yí po, bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí,
lẹ́yìn náà Bàbá dé. Kò kan ilẹ̀kùn.
Ohùn rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́: "Dúró síbẹ̀, má mira."
Màmá kò mira.

N kò rántí pé Ìyá Múnírù náà ń lo wáífáì wa.
A fún un ní pásíwọ̀ọ̀dù nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń múra ìdánwò,
a ò sì gbà á padà; ta ní í gba iyọ̀ padà lọ́wọ́ aládùúgbò?
Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbọ́ ohùn bàbá mi nínú yàrá ayálégbé.
Orí mi wú.
Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu kí n tó kan ilẹ̀kùn.

Fóònù wà lórí itan ìyá, ọmọ tẹ̀ síwájú lé e.
Nínú rẹ̀, wọ́n ń mọ ilé yìí gan-an.
Bíríkìlà kan wà lórí àkàbà, sìmẹ́ńtì bò ó dé ìpéǹpéjú,
ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín:
"Ẹ ya ògiri, Alàgbà! Kí lẹ fẹ́ fi ojú mi ṣe?"
Bàbá kò dá a lóhùn. Ó ń yà á lọ.

Ìyá Múnírù ní, "Rábíù nìyẹn."
Oyún oṣù mẹ́fà ni Múnírù
lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlobù, tí kò bọ̀.
Kò gbọ́ ohùn yẹn rí.
Ògiri tí bàbá rẹ̀ mọ ló fẹ̀yìn tì,
ìyá rẹ̀ sì ń sanwó rẹ̀ fún wa lóṣooṣù.
Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. N kò fi ọkàn sí i ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu, mo gbé e mì.
Ibẹ̀ ni iná lọ.
Láti yàrá ẹ̀yìn, Màmá pariwo, "Ta ló pa á?"
Nínú òkùnkùn, Múnírù ní,
"Ẹ̀gbọ́n, tí iná bá dé, ṣé wọ́n á ṣì wà níbẹ̀?"

Epo kù díẹ̀ nínú jẹnẹrétọ̀.
Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dáhùn.